Kọ́kọ́rọ́ Gáò

Kọ́kọ́rọ́ kan kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa
ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n.
Kò sí ilẹ̀kùn tó lè ṣí ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́.
Gáò ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà,
níbi tí bàbá mi ti ta àtùpà, páànù àti okùn bàtà
fún ọdún mọ́kànlélógún,
kí ìbọn tó wá fọ̀nà ilé hàn án.

Agogo mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, ó ti ki bátìrì bọ rédíò.
"Oyèbọ́lá, wá bá mi gbọ́ ọ.
Ta tún ni wọ́n ń pè ní ìgbìmọ̀ ààbò?"
Èmi tí mo ka ìṣèlú àgbáyé gboyè ní yunifásítì,
mo dá ṣíbí dúró nínú ògì, mo ń ṣàlàyé:
orílẹ̀-èdè márùn-ún ni, Bàbá.
Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá ti ní "rárá",
ohùn gbogbo ayé yòókù dasán.
Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
"Èyí yé mi. Bí ẹbí wa ṣe ṣe ilẹ̀ Òkè-Àdó náà nìyẹn.
Àgbà márùn-ún. A ò tíì pín in dòní."

Ó da kóró kajú sórí ẹní, ó fi ya àwòrán ayé.
Èyí Málì, èyí Bùrùkínà, èyí Nìjẹ́ẹ̀,
àwọn mẹ́ta tó dìde kúrò nínú àjọ
tí àga wọn ṣì ń gbóná.
Faransé palẹ̀ mọ́, ará Rọ́ṣíà já ẹrù sílẹ̀.
"Ẹni tó bá yá ọ ní ọlọ́dẹ," ni bàbá mi wí,
"yóò mọ ibi tí o ń fowó pamọ́ sí."
Kí ó tó gbójú sókè,
Adéògún ọmọ àbúrò mi ti ki Nìjẹ́ẹ̀ bọ àpò,
ó fẹ́ lọ sun ún jẹ.

Òkun kan wà tí n kò dé rí, Òkun Dúdú ni wọ́n ń pè é.
Wọ́n ń ju àdó olóró létí rẹ̀,
búrẹ́dì wa ń rù ní Sábó.
Bùràìmọ́ oníbúrẹ́dì gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó mirí:
"Mo ti fi ìwúkàrà kún un.
Ìwúkàrà kì í wú ohun tí kò sí níbẹ̀."

Lánàá, àwọn àgbẹ̀ tó ti ìhà igbó Ọ̀yọ́-Ilé dé
ní àwọn gbọ́ alùpùpù lóru,
púpọ̀, láìtanná.
Bàbá pa rédíò. Kì í pa á.
"Ìbọn tó lé mi ní Gáò kò jókòó síbẹ̀.
Èmi ń darúgbó, òun ń rìn."
Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.
Àwa ń gbọ́ ọ láràárọ̀, ní agogo mẹ́fà àbọ̀.
Ibo ni kí arọ ó gbà?

Lálẹ́, ohùn Alásànì Máígà wọlé sórí fóònù mi,
ìjì yanrìn ń fẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀:
ṣọ́ọ̀bù ṣì wà. Òrùlé ti lọ, ilẹ̀kùn kù.
Mo fi òróró sí àgádágodo rẹ ní Jímọ̀ tó kọjá,
kó má baà gbàgbé rẹ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi ní kí n tún un gbé sí i.
Kò wí nǹkan kan.
Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó,
ó ti ìka bọ ìgò òróró ẹ̀pà,
ó pa á, eyín kan tẹ̀ lé eyín kan,
ó nù ún sí etí ṣòkòtò,
ó sì dá a padà.
Ó ní kí n ra bátìrì tuntun bí mo bá ń bọ̀ lọ́la.