Ilé Tí Ikọ́ Kọ́

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè,
ìrì dídì ṣì wà lára kúbùsù wọn bí ìyẹ̀fun àgbàdo.
Èmi ni mo jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé orúkọ.

Orúkọ? Ramokhele Sekhonyana.
Ọjọ́ orí? Mọ́kànléláàádọ́ta.
Iṣẹ́?
Ó dákẹ́. Ó wúkọ́. Ó gbá tábìlì mi mú
bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀.
“Kọ ọ́ sílẹ̀: awakùsà.”
Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí kò ti wọ inú ihò ilẹ̀ mọ́.

Ogún ọdún ló fi wa wúrà ní òdìkejì odò Mohokare,
lábẹ́ ilẹ̀ Welkom, níbi tí òkúta ti ń gbóná bí ààrò.
Wúrà bá ojú irin lọ.
Eruku ló bá a délé.
Eruku kì í sanwó ọkọ̀, kì í gba ìwé ìrìnnà;
ó jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.

Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀.
Wọn ò sọ ẹni tí yóò jẹ ọrọ̀,
wọn ò sọ ẹni tí yóò máa lo oògùn.

Ẹ wá wo ilé tí ikọ́ kọ́.
Ikọ́ mú baba, ìyá fi oko ọkà bàbà sílẹ̀,
torí ta ni yóò gbé e jókòó lóru?
Oko di igbó. Wọ́n ta ẹṣin,
Lefifi dúdú, tó mọ ọ̀nà ọjà ju ọmọ ènìyàn lọ.
Tsokolo, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ju ìwé sílẹ̀,
ó ń da àgùntàn olówó kiri orí àpáta.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Nthatisi, gba Maputsoe lọ,
ó ń rán àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò jíìnsì,
ẹgbẹ̀ta àpò lóòjọ́,
fún ìdí tí kò ní fojú rí láéláé.

Oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan wá láti Maseru,
bàtà rẹ̀ ń dán, ó gbé ìwé ìṣirò dání.
Ó ní ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè ti gòkè díẹ̀.
Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé ó gòkè débí?
Torí òkè tiwa yìí ga o.”
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Ramokhele fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́.

Mi ò sọ ti Nthatisi fún un.
Pé òun náà wúkọ́ lọ́dún tó kọjá,
tí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ bá a bò ó mọ́lẹ̀.
Bí o bá pa ọjọ́ kan jẹ, owó ọjọ́ méjì ni wọ́n ń yọ;
ta ni yóò fi owó oúnjẹ ṣe àyẹ̀wò?
Nọ́ọ̀sì Puseletso ló gbé ọkọ̀ wá sẹ́nu géètì
ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kí fèrè tó dún.
Kò sí àsíá. Kò sí mínísítà tó gé ríbọ́nù.
Ó kàn ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé,
“Wúkọ́, kí o tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike yìí.”
Ikọ́ ife ni. Oògùn oṣù mẹ́fà.
Ọ̀sẹ̀ méjì tó fi wà nílé,
alámòójútó tí gbogbo wọn ń sá fún
ló bá a di àyè rẹ̀ mú, tí kò wí fún ẹnikẹ́ni.

Tsokolo ti padà sílé ìwé,
àyàfi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn ju ìjókòó lọ.
Ẹṣin ò padà.

Lónìí, Nthatisi ló mú baba rẹ̀ wá.
Mo kọ awakùsà sí i fún baba, bí a ti ń ṣe.
Mo ṣí ojú ewé tirẹ̀ náà.
Iṣẹ́?
“Aránṣọ.”
Mo gbé kálàmù dúró, mò ń retí ikọ́.
Kò wúkọ́.
Baba rẹ̀ ń wò ó lẹ́nu,
bí ẹni tó ń ka owó lẹ́ẹ̀kejì.