Ahulóru

Bórúbáì ni wọ́n sọ baba ọkọ Úúlkàn.
Bórú: ìkookò ni, lédè àwọn ará òkè Nárín.
Ìyàwó kì í sì í fẹnu kan orúkọ baba ọkọ,
ìbáà jẹ́ lára ẹranko ló ti bá a pàdé.

Àwa náà mọ̀ ọ́n:
bí ilẹ̀ bá ṣú, ejò a di okùn.

Lóru ọjọ́ kan tí yìnyín dí ẹnu àgọ́,
nǹkan kan wọ agbo.
Úúlkàn yọrí síta, ó rí ojú tó ń tàn bí ẹyin iná.
Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀, ó yí i dà:
"Ulúmà! Ulúmà! Ahulóru ti dé o!"
Baba ọkọ ló kọ́kọ́ fò dìde,
ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, kùmọ̀ lọ́wọ́,
ó ń lé ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ lọ sínú òkùnkùn.

Lónìí, ọmọkùnrin kan ti Bíṣkẹ́ẹ̀kì wá tòun ti ìwé.
Ó ti kọ ti kukúùk, ẹyẹ tó fi igbe ara rẹ̀ jórúkọ.
Ó ti kọ ti ẹṣin:
kulún nígbà ọmú, tái tó bá lé lọ́dún kan, lẹ́yìn náà kunán,
orúkọ ń dàgbà bí ẹran.
"Ìyá, níbo ni ulúmà ti wá?"

Úúlkàn bu wàrà ẹṣin fún un.
Ogójì ọdún rèé tí baba ọkọ rẹ̀ ti filẹ̀ bora.
Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀rù ni," ó ní, "àti ìtìjú díẹ̀.
Kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n rọra kà á,
ilẹ̀ ti ń ṣú,
etí rẹ̀ ò sì jìnnà."