Sálúbàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Ẹ má bi mí ní ìwé, bàtà ni mo mọ̀ ọ́n kà.
Lábẹ́ igi máńgòrò ní gáréèjì Kàbà,
ọdún mọ́kànlélógún, àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn lójú mi:
ẹni tó ń tẹ gìgísẹ̀, ẹni tó ń fi ọmọ ìka wọ́lẹ̀,
ẹni tí gbèsè ń lé, iwájú bàtà rẹ̀ ní í kọ́kọ́ jẹ.

Olúmọdéjì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́
láti ìgbà tó ti já bọ́ lórí igi obì.
Ó gbé sálúbàtà wá nínú ọyẹ́, etí rẹ̀ ti já.
Okùn dúdú tán lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà;
búlúù ni mo fi gán an, mo ní kó má bínú.
Ó rẹ́rìn-ín: "Ta ni yóò wo ẹsẹ̀ mi?"

Ilé ẹjọ́ wò ó.

Wọ́n yọ sálúbàtà kan nínú ọ̀rá,
"Ẹ̀rí Kẹta" ni wọ́n kọ sí i lára.
Wọ́n ní oko kọfí lọ́nà Ògìdì ni wọ́n ti rí i,
ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí ibi tí Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ ṣubú sí tí kò dìde mọ́.
Òsì ni. Ìwọ̀n rẹ̀ ni. Àwọ̀ rẹ̀ ni.
Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ dọ́gba,
okùn etí rẹ̀ sì dúdú.
Mo ní, "Olúwa mi, èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi."
Agbẹjọ́rò ìjọba tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe.
"Bàtà mélòó lo gán lọ́dún yẹn?"
Mi ò mọ̀.
"Rìsíìtì dà?"
Ta ní ń kọ rìsíìtì nítorí igba náírà?
"Ṣé ẹ̀jẹ̀ àti ẹrẹ̀ kò lè sọ búlúù di dúdú?"
Mo dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n lè sọ ọ́.
Ìdákẹ́ yẹn ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n gbére.

Oṣù keje lẹ́yìn ìdájọ́, ìyá rẹ̀ dé,
ó tú nǹkan kan jáde nínú ìborùn:
eku ló wọ́ ọ wọ abẹ́ àká, ó ní.
Mo yí i padà. Òsì.
Okùn búlúù, ojú abẹ́rẹ́ méje,
kókó méjì níparí, bí mo ti máa ń ṣe é.
Ènìyàn kan, ẹsẹ̀ òsì méjì?

Agbẹjọ́rò tuntun gbọ́, ó mí kanlẹ̀:
"Bàbá, okùn kì í sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀.
Wọ́n á ní àná lẹ gán an."

Lóru, mo gbé e sábẹ́ fìtílà,
mo gbóòórùn rẹ̀, mo fi èékánná ka ojú abẹ́rẹ́,
mo wá ń bi ara mi: bàtà mélòó? Rìsíìtì dà?

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá náà a gba iwájú mi lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n,
abọ́ oúnjẹ lórí. "Ọ̀kun o," ni ó ń kí mi.
Kò bèèrè nǹkan kan.

Mo ti ra bírò.
Bàtà tó bá gba ọwọ́ mi báyìí,
mo ń kọ ọjọ́ sínú rẹ̀, níbi tí gìgísẹ̀ ń tẹ̀.
Òógùn a sì máa pa á rẹ́ kí oṣù tó pé.