Ẹsẹ̀ Mẹ́jọ

Nínú ihò igi àfàrà kan ni ìyá rẹ ń gbé.
Ayùn ti là á kọjá kí n tó pariwo.
Àwọn ọmọọṣẹ́ da kẹrosíìnì sí ìyókù,
wọ́n ń fò bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò.
Ìwọ nìkan lo lẹ̀ mọ́ apá ẹ̀wù mi,
o kéré ju hóró ìrẹsì lọ, o ń gbọ̀n,
àbí ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n?

Ike oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ni mo fi ṣe ilé fún ọ.
Mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ìdérí rẹ̀, ihò méje,
mo bu ilẹ̀ dúdú abẹ́ igi kòkó sí i,
èèpo igi kan bí èékánná, kí o lè rí ibi sá sí.
Ìka mẹ́jọ ló kù fún mi, ẹsẹ̀ mẹ́jọ lo ní.
Mo ní, ó dáa, a ṣe déédéé.

Oyínlọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,
tó ń kọ́ nípa kòkòrò ní yunifásítì l'Ágòó-Ìwòyè,
rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí ó fi wúkọ́.
"Bùrọ̀dá mi, ẹ má bomi rin ín bí ẹ̀fọ́ o.
Igun kan ṣoṣo ni kó tutù. Ẹ má gbé e sóòrùn.
Ẹ má mú un jáde ṣeré, kì í ṣe ológbò.
Bó bá kọ oúnjẹ, ẹ fi í sílẹ̀."

Ẹ fi í sílẹ̀!
Èmi tí mò ń ka pákó lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó sùn.

Itan ikán ni oúnjẹ rẹ, lọ́jọ́ Ajé àti lọ́jọ́ Ẹtì.
Adétóún ní, "Ta ní ń bá èmi náà gé ẹran wẹ́wẹ́?"
Ṣùgbọ́n mo rí i tó ń ṣa ìdin inú ẹ̀wà
pamọ́ fún ọ, sínú ìdérí agolo mílíìkì.

Lóṣù Agẹmọ, iná ti lọ, mo kánjú dé ike.
Mi ò gbọ́ nǹkan kan.
Nígbà tí mo tan iná fóònù, ẹsẹ̀ rẹ kan wà létí ìdérí
bí irun ìpéǹpéjú, ó ṣì ń ká kò.
Mo jókòó sórí ìtí igi. Mo wo ọwọ́ òsì mi,
ibi tí ayùn ti mú méjì lọ, lọ́dún tí a ra ẹ́ńjìnnì tuntun.
Kò sẹ́ni tó bá mi ṣọ̀fọ̀ ìka.
Wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé kì í ṣe ọrùn ọwọ́.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi ẹyọ kan jù ọ́ lọ.

O wá kọ oúnjẹ. O fi òwú rẹ dí ẹnu ọ̀nà.
Oyínlọlá ní kí n yọ ìdin kúrò kíákíá,
kó má baà jẹ ọ́ nígbà tí ara rẹ bá rọ̀.
Ọjọ́ mọ́kànlá.
Ní ìdájí, kí Òkè-Ṣọ́pẹ̀n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lagun,
kí ayùn àkọ́kọ́ tó ké, èmi àti ike lójú fèrèsé.
Mo ti gbẹ́ sàréè rẹ tán lọ́kàn mi, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ kejìlá, ẹ ti di méjì.
Ọ̀kan nà gbalaja sílẹ̀, ó ṣófo, ó fúyẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.
Èkejì dúró tì í, ó funfun díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.
Mo kà á. Mo tún un kà.
Ìkẹjọ tín-ín-rín, ó kúrú, ó dà bí ìlà tí ọmọdé fà,
ṣùgbọ́n ó wà.

Mo pe Oyínlọlá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni tiwọn ń rí,
bí wọ́n bá ti ń bọ́ awọ, ohun tó sọnù ń padà díẹ̀díẹ̀.
Mo dákẹ́.
Òun náà dákẹ́. Ó ní, "Bùrọ̀dá mi, aláǹtakùn ni."

Mo kó awọ àtijọ́ sínú páálí ìṣáná.
Mo kán omi kan sí igun.
Ìka mẹ́ta ni mo fi dé ike, jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn yàrá ọmọ tó sùn.
Adétóún yọjú láti ìdí ààrò: "Ṣé ó ti jẹun?"
Mo ní, fi í sílẹ̀.