Lẹ́tà láti Ìṣarà sí Olóòtú Ètò "Ta Ló Mọ̀ Ọ́n?"

Ẹ̀yin olóòtú, ọdún kẹtàlélógún rèé
tí mo ti ń tilẹ̀kùn nítorí yín lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ ohùn aago yẹn sílẹ̀:
ọpọlọ kì í ṣe ẹ̀rọ ìlọta.
Ẹ ń bi wá ní olú-ìlú Peru. Ìperu la mọ̀.
Ẹ bèèrè ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ ń lò lábẹ́ òkúta
kí gààrí wa tó kan, ẹ ó rí bí ọwọ́ ṣe máa nà sókè.
Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ẹ fún un lówó ọkọ̀.
Ọmọ Ọdúnúga ará Òde-Rẹ́mọ bú sẹ́kún,
ìpolówó ọṣẹ lẹ fi bò ó lójú.

Ìpolówó náà ló mú mi kọ̀wé.
Ẹ má fi ìdáhùn pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ mọ́.
Lọ́jọ́sí ẹ bèèrè iye egungun ìhà màlúù.
Bàbá Mojírádé ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Alápatà ni, síbẹ̀ mo ní irọ́ ni.
Ẹ ní ká máa retí yín; iná lọ.
Títí ilẹ̀ fi mọ́, kò dé.
Ọjọ́ kẹfà la sin ín.

Bó bá jẹ́ òun ló gbà á, ẹ wí fún mi.
Mo ṣì ń jókòó sí apá tèmi lórí àga náà.