Àlọ àti Àbọ̀ Iná

Yìnyín ti dí ọ̀nà orí òkè.
Òpó ńlá tó ń bọ́ bátìrì tààrà
wà lẹ́yìn òkè náà, kò sẹ́ni tó lè débẹ̀.
Ní Mosjøen nísàlẹ̀, lóṣù kejì tí oòrùn ń ṣahun,
ọkọ̀ Hallfrid agbẹ̀bí dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù wa,
wáyà wà lẹ́nu rẹ̀, kò gbé nǹkan kan mì.

"Ṣé ó ti kú ni?"
Torgunn kò dáhùn. Ẹni àádọ́rin ọdún,
ó nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀,
ó tẹ́tí bí ẹni ń gbọ́ ọmọ nínú oyún.
"Òpó kí i, ó jẹ́.
Wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Ọ̀fun ló dí."

A yọ wáyà. A tú àpótí náà sílẹ̀, mo na ọwọ́ sí i.
"Ravna! Má fọwọ́ kàn án.
Jẹ́ kó kọ́kọ́ gbàgbé ohun tó gbé mì."
Ó bu kọfí fún wa. A jókòó.
Hallfrid ń wo aago, ó ń wo fóònù, ó tún ń wo aago.

"Iná ilé wa," Torgunn ní, "alálọ-àbọ̀ ni:
ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀,
ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan.
Bátìrì kò mọ àbọ̀.
Da alálọ-àbọ̀ sí i nínú,
ohun tó fọwọ́ ọ̀tún fún un ni yóò fọwọ́ òsì gbà padà.
Ìdí nìyí tí ẹnubodè mẹ́rin fi wà níbí:
èyí tó ń lọ gba ti méjì, èyí tó ń bọ̀ gba ti méjì,
ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ já sí.
Ó ṣì ń ga, ó ń rẹlẹ̀, bí àyà ẹni tó sáré dé.
Kapásítọ̀ á gbà á mu,
á máa tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.
Lẹ́yìn náà ni súìṣì á wá ṣá a wẹ́lẹwẹ̀lẹ,
á tún sọ ọ́ di alálọ-àbọ̀."

Mo ní, "Kí ló dé? A ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ ọ tán ni!"

"Nítorí odi. Wáyà bàbà méjì tá a wé, wọn ò fara kanra.
Ohun tó ń mì nìkan lèkíní lè fi ránṣẹ́ sí èkejì.
Ohun tó dúró sójú kan kì í kọjá odi.
Lódì kejì, a óò tún un tọ́."

Fóònù dún.
Omi ti já lára obìnrin kan nínú àfonífojì.
Embrik aládùúgbò gbé ọkọ̀ dísù rẹ̀ jáde, tòun ti èéfín,
Hallfrid gbé àpò rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n lọ.
Kọfí rẹ̀ ṣẹ́ kù nínú ife.

A rí i: kapásítọ̀ kan, kò ju àtàǹpàkò lọ,
orí rẹ̀ wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni eyín ń dùn.
Mo yọ́ òjé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀.
Aago mẹ́rin ìdájí la tó ki wáyà bọ̀ ọ́ lẹ́nu.
Tá! Ó dákẹ́ díẹ̀.
Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn,
omi tútù ń ṣàn yí àpótí ká nínú páìpù.
Torgunn fọwọ́ kan páìpù náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.
"Kò sí alágbàtà tí kì í jèrè," ó ní.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Hallfrid padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n.
Kò sọ bó ṣe rí. A kò bi í.
Ó wọnú ọkọ̀, ó forí lé ọ̀nà omi,
bátìrì ń tú àlọ rẹ̀ sílẹ̀,
àpótí mìíràn ń sọ ọ́ di àlọ àti àbọ̀ fún mọ́tò,
nítorí mọ́tò kò lè yí láìsí àbọ̀.
Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ó gbẹ́sẹ̀ kúrò,
ohùn ọkọ̀ yí padà: àgbá tó ń jẹ di àgbá tó ń fúnni.

"O gbọ́?" Torgunn ní. "Ó ti ń bọ̀."

Kapásítọ̀ tó wú náà wà lápò kóòtù mi.
Mi ò tíì mọ̀ bóyá ọmọ náà ké.