Tọ́ọ̀ṣì Ọ̀fẹ́

Wọ́n mú iná lọ ní Dutse Alhaji lálẹ́ ọjọ́ Ajé.
Jẹnẹrétọ̀ ará ẹ̀yìnkùlé ń hú bí ẹni ikọ́ ń dà láàmú,
èmi ń fọwọ́ tá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lórí tábìlì.
Mo ní kí n wá tọ́ọ̀ṣì sórí fóònù.
Ọ̀kan yọ jáde, ó pupa bí ata. Ọ̀fẹ́ ni.

Ó ní: ṣé kí n máa mọ ibi tí o bá wà? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní: ṣé kí n máa gbọ́ ohùn rẹ? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní: ṣé kí n ka orúkọ gbogbo ẹni tí o mọ̀?
Òkùnkùn ṣú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.
Kí ni iná fẹ́ fi orúkọ ènìyàn ṣe?
Mi ò bi í.

Èmi! Èmi Adégbìtẹ́, tí mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n
ṣọ́ yàrá fáìlì ní Sẹkitéríàtì,
tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fi àpá sí mi ní ìbàdí.
Ọ̀gá kan gbé ìrẹsì àpò méjì wá lọ́jọ́ kan,
ó ní ojú lásán lòun fẹ́ fi wo fáìlì ẹlòmíràn.
Mo ní, ọ̀gá, ẹ lọ gba ìwé àṣẹ wá.
Ó gbé ìrẹsì rẹ̀ padà sínú bùútù.
Móríyìkẹ́ aya mi kú, kò mọ ohun tó wà nínú fáìlì kan ṣoṣo,
bó tilẹ̀ máa ń bù mí lẹ́ran kún ẹran nígbà tó bá fẹ́ gbọ́.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, àna mi pè láti Ọ̀fà.
Ohùn rẹ̀ gbẹ bí ọyẹ́.
Ó ní ẹnì kan tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí òun, ó sì kí òun dáadáa:
*Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Àna Ahun.
Adégbìtẹ́ ní kí ẹ wá gba tọ́ọ̀ṣì.*

Mo jókòó. Orí ìjókòó ni mo ti rántí àwọn yòókù.
Alága ìjọ wa: Àdúrà Gígùn.
Kápẹ́ńtà tó wà ní Bwari: Ó Di Ọ̀la.
Àbúrò mi gan-an: Owó Ló Fẹ́ Yá.
Orúkọ tí mo fi ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi,
wọ́n ti ń kéde wọn kiri bí ẹni ń polówó ọjà.
Mo bẹ̀bẹ̀ títí ètè mi fi bó.
Àbúrò mi kàn rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ mi lórí fóònù tòun burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Kò sọ ọ́ fún mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà.
Nọ́ńbà Móríyìkẹ́, láti ọdún mẹ́fà, mi ò pa á rẹ́.
Láago mẹ́wàá alẹ́ fóònù tàn,
orúkọ rẹ̀ yọ bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀: *Ṣé O Ti Jẹun.*
Ọwọ́ mi gbọ̀n.
Dahiru ni, tó ń ta táyà ní Lafia. Wọ́n ti ta nọ́ńbà náà fún un.
Ó ń fi Hausa béèrè ẹni tó ń pe òun bẹ́ẹ̀, àti ìdí rẹ̀.
Mo ní àṣìṣe ni, kó máà bínú.
Ó ní kò burú, bàbá.
Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀: *ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ti jẹun?*

Gimba, ọmọ Gbagyi tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ igi máńgòrò,
ló yọ ẹran pupa náà kúrò.
Ó fi ibi tí a ti ń gba kọ́kọ́rọ́ padà hàn mí.
"Èyí tó ń ka ọjọ́ oṣù, kí ló kàn án pẹ̀lú ohùn yín, Baba?"
Ó ń tì wọ́n pa lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo ní, èyí tó ti jáde ńkọ́?
Ó fi etí ẹ̀wù nu ojú fóònù. Ó nù ún, ó tún un nù.

Lálẹ́ òní wọ́n tún mú iná lọ.
Mo fi ìka fa ojú fóònù wálẹ̀ bí ó ṣe kọ́ mi.
Tọ́ọ̀ṣì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á.
Ó tàn. Kò bi mí ní nǹkan kan.